Ohun Tí Bàbá Ojúọlápé Yọ Lára Ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn wọ Òkèhò nígbà náà, kí ẹ tó dé ọjà, ẹ ó kọ́kọ́ rí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan lábẹ́ igi mángòrò méjì. Láti ara igi kan dé ara ìkejì ni wọ́n ta wáyà sí, bí ẹni tó fẹ́ sá aṣọ. Ṣùgbọ́n aṣọ kọ́ ló wà lára rẹ̀. Àwọn irin roboto kéékèèké, aláwọ̀ idẹ, ni wọ́n sín sí i láti òpin kan dé èkejì, tí wọ́n máa ń lu ara wọn bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá ń fẹ́. Àlejò á rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Ọ̀ṣọ́ kọ́. Ìfọ́nnu ọkọ mi ni.

Ládòkun ni orúkọ ọkọ mi. Bàbá Ojúọlápé ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí Ojúọlápé ni àkọ́bí wa. Níwájú ènìyàn, "wọ́n" ni mo fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, bó ti yẹ aya ilé. Níhìn-ín, "ó" ni n ó máa kọ. Ẹni tí mo ti fọ ọ́ìlì kúrò lára aṣọ rẹ̀ títí ọwọ́ mi fi bó, mo rò pé mo ti ní ẹ̀tọ́ sí ìyẹn.

Àwọn irin tí mo ń wí yìí, tamosítáàtì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè wọ́n. Ìdérí kékeré ni, tí wọ́n máa ń fi sí ojú ọ̀nà omi láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, á pa ojú dé, kí omi má tíì jáde, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè móoru. Bí ó bá gbóná, á lajú, omi á sì ṣàn lọ sínú rédíétọ̀ láti lọ gba atẹ́gùn. Ọ̀gá tí ọkọ mi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ìyẹn Ọ̀gá Ọ̀ṣẹ́nì, kò gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wúlò fún wa. Ó ní ìlú òtútù ni wọ́n ti nílò rẹ̀. Ta ló ń wá ooru kiri ní Òkè-Ògùn? Nítorí náà, ọkọ̀kọ́kọ̀ tó bá ti òkè òkun dé, kí wọ́n tó yẹ pílọ́ọ̀gì rẹ̀ wò, kí wọ́n tó bi í ní orúkọ, tamosítáàtì rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ sọnù.

Gbogbo mẹkáníìkì agbègbè wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò purọ́ mọ́ ọkọ mi. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni kì í sọ ọ́ nù. Á fọ̀ ọ́, á nù ún, á sín in mọ́ wáyà. Ó ní kí ẹni tó bá ń kọjá lè mọ iye ọkọ̀ òyìnbó tí òun ti sọ di ọmọ Òkèhò.

Ilé àgbẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó gbin iṣu, ṣùgbọ́n nígbà tí ó wà lọ́mọdé, bí lọ́rí bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà oko wọn, ebè tí ó ń kọ ọjọ́ náà parí nìyẹn. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí n má fi ti ilé pa ti ìta mọ́lẹ̀. Á fi orí sípánà kan ara ẹ́ńjìnnì, á fi ìdí rẹ̀ ti etí, á sì sọ ibi tó ń dùn ún fún ọ. Kì í rẹ́ ènìyàn jẹ. Kì í fi ògbólógbòó ẹ̀yà ọkọ̀ pe tuntun. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò gbọ́ ọ rí kó sọ pé òun ṣe àṣìṣe. Bí ó bá gbé kọ́kọ́rọ́ sọnù, kọ́kọ́rọ́ ló sá lọ. Bí ó bá tẹ àwo fọ́, ta ló gbé àwo síbẹ̀? Èmi tí mo jẹ́ tíṣà, tí mò ń fi gègé pupa fa ìlà sí àṣìṣe ọmọ ọlọ́mọ láti àárọ̀ dọ̀sán, mo ń délé lọ bá ẹni tí kì í ṣì í.

Ní ọdún 1987, nígbà tí náírà ti ń já wálẹ̀, tí òṣìṣẹ́ ìjọba ti ṣíwọ́ ríronú ọkọ̀ tuntun, wọ́n gbé Nọ́ọ̀sì Àtinúkẹ́ kúrò ní Òkèhò lọ sí ilé ìgbẹ̀bí Ìgànná. Ọ̀rẹ́ mi ni, ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Ìgànná kò jìnnà lójú ẹni tó ní ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa ni, ọjọ́ ọjà nìkan ni lọ́rí sì ń ná an dáadáa. Ọjọ́ mìíràn, ènìyàn lè dúró títí òòrùn á fi wọ̀.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni ìyá rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ti mú Ìyá Àtinúkẹ́ lápá ọ̀tún láti ọdún tó ṣáájú. Kò lè dìde, kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí ibùsùn, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́ díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ń wẹ̀ ẹ́, tí ó ń yí i láàárọ̀ àti lálẹ́, tí ó ń fi òrí pa ẹ̀yìn rẹ̀ kí egbò má baà ṣe é. Aládùúgbò lè fún un lóúnjẹ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n Ìyá kò jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn tú ìró rẹ̀. Ojú ń tì í. A ní kí ó bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìgànná, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní inú ilé náà ni òun sin ọkọ òun sí, òun kò lè fi í sílẹ̀ fún àwọn ayálégbé.

Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì fún un ní àyè títí oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ á fi parí. Bí ó bá lè máa dé ẹnu iṣẹ́ láràárọ̀ láti Òkèhò, kò burú. Bí kò bá lè ṣe é, yàrá kan wà nínú ọgbà ilé ìgbẹ̀bí níbẹ̀, kí ó kó wọ inú rẹ̀, nítorí aboyún kì í dá ọjọ́. Nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí Festus àbúrò rẹ̀ tó wà ní Jámánì, ó ní kí ó wá ọkọ̀ àlòkù tó lágbára fún òun. Festus ra ọkọ̀, ó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí Kútọnu, wọ́n sì ti ibẹ̀ wà á wọ Òkèhò ní ìparí ọdún.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà dé, n kò gbàgbé. Pupa fòò. Ìlẹ̀kùn méjì péré. Iwájú rẹ̀ gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, ó sì balẹ̀ bí ọkọ ìyàwó tó ń dọ̀bálẹ̀ fún àna. Tòyótà Sẹ́líkà ni, ọkọ̀ eré tí àwọn ará Japaní ṣe fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń yún. Nọ́ọ̀sì yí i po. Lẹ́yìn náà ó ní òun rán Festus lọ ra ọkọ̀ fún òun, Festus lọ ra èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́.

Ọkọ mi ní tirẹ̀ kò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ mọ́. Ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí wọ́n ta iná sí i, ó dẹtí sí ẹ́ńjìnnì náà, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Ojúọlápé lé e lọ́wọ́. Ó ní kí Nọ́ọ̀sì fi ọkàn balẹ̀. Ọkọ̀ tó mọ eré sá á mọ ìrìn rìn, bí a bá kọ́ ọ.

Iṣẹ́ kíkọ́ náà gba ọ̀sẹ̀ kan gbáko nínú ọyẹ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fọ̀, nítorí iyọ̀ òkun, ó ní iyọ̀ máa ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀ bí ikán. Ó da ọ́ìlì àtijọ́ nù, ó yí bíréèkì, ó tú sáìlẹ́ńsà tó ń fa ilẹ̀, ó sì fi àgbékọ́ gbé e sókè. Láti gbé ọkọ̀ náà kúrò nílẹ̀, ó gé táyà lọ́rí tó ti kú, ó ki rọ́bà náà sáàárín sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì wá táyà tó ga ju ti òyìnbó lọ wọ̀ fún un. Nígbà tó ṣe èyí tán, ọkọ̀ tó ń dọ̀bálẹ̀ ti dìde dúró. Ó la àgbá epo kan, ó fi irin rẹ̀ bo ìdí ẹ́ńjìnnì nítorí òkúta ọ̀nà Ìgànná. Ó tún ní kí n bun òun ní ìbọ̀sẹ̀ gígùn tí mo máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí òun fi wé ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí, kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Mo fún un. Mo sọ fún un pé bí ọkọ̀ náà bá wọ̀ ọ́ gbó, kí ó ra òmíràn fún èmi.

Tamosítáàtì ló wá fi ṣe àṣekágbá. Nígbà gbogbo, ó máa ń dúró kí olówó ọkọ̀ àti àwọn olófòófó pé jọ. Adéwùmí wà níbẹ̀, awakọ̀ lọ́rí tó máa ń kó gbàgúdá àti gàrí láti Ìgànná, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ọkọ mi tú bóòtù méjì, ó fa irin náà jáde, ó gbé e sókè. Eléyìí yàtọ̀ sí àwọn yòókù díẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan, orí ẹsẹ̀ náà sì ní awo pẹlẹbẹ kékeré.

"Ẹ wò ó," ni ọkọ mi wí. "Ti Japaní tiẹ̀ wọ bàtà."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Adéwùmí ní torí ibi tó ń lọ ló ṣe wọ bàtà. Ọkọ mi sín in mọ́ wáyà, ó bu omi kún rédíétọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ lé Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì wà á yí ìlú ká, láti ọgbà ilé ìwòsàn dé ọjà, kò sí wàhálà kankan. Àwọn ọmọ ilé ìwé mi sá jáde wá wò ó, mo sì fi pàṣán dá wọn padà wọ kíláàsì, èmi náà tí mo fẹ́ wò ó.

Ọjọ́ ajé tó tẹ̀ lé e, Nọ́ọ̀sì wẹ ìyá rẹ̀ ní ìdájí, ó yí i, ó sì gbéra lọ sí Ìgànná. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí aago tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì fi gun ibi pupa. Ó jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ó dúró kíá, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Omi ń hó bí omi ọkà. Ó dúró títí ó fi tutù, ó bu omi odò sí i, ó lọ díẹ̀, ó tún hó. Báyìí ló ṣe dé ẹnu iṣẹ́ lọ́sàn-án gangan. Nígbà tó ń bọ̀, ọkọ̀ náà kò jẹ́ kó rìn mọ́. Adéwùmí ló bá a lójú ọ̀nà, tó fi okùn fà á, Nọ́ọ̀sì sì wọlé pẹ̀lú eruku pupa lójú nígbà tí òòrùn ń wọ̀.

Èmi ni mo bá a wọlé. Ìyá Àtinúkẹ́ ti tọ̀ sára láti ọ̀sán, kò sì jẹ́ kí aládùúgbò fọwọ́ kan òun. Ó dorí kọ ògiri, ó ń ṣe bí ẹni tó ń sùn. Nọ́ọ̀sì ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Ó gbé omi kaná, ó wẹ̀ ẹ́, ó pààrọ̀ aṣọ. Lẹ́yìn ìdí rẹ̀ la ti rí ibi kan tó ti pọ́n. Ẹni tó bá mọ ìtọ́jú aláìsàn mọ ohun tí ibi pípọ́n ń wí. Nọ́ọ̀sì fi òrí pa á, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Inú mi bàjẹ́ gan-an.

Ọkọ mi gba ọkọ̀ padà. Ó ní rédíétọ̀ ló dí, ó fọ̀ ọ́. Ọkọ̀ hó. Ó ní fáànù rẹ̀ kéré, ó wá ńlá láti ara ọkọ̀ mìíràn. Ọkọ̀ hó. Ó gé ihò sí iwájú ọkọ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, iwájú pupa dáradára yẹn wá dà bí ẹnu ẹni tí eyín rẹ̀ ti ká. Síbẹ̀, ó hó. Ó wá rédíétọ̀ lọ́rí kékeré kan, ó fi wáyà àti igi dè é mọ́ ọn. Bí ó bá wà á yí ṣọ́ọ̀bù ká, á rọra ṣe jẹ́jẹ́. Bí Nọ́ọ̀sì bá forí lé ọ̀nà Ìgànná, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Nọ́ọ̀sì máa ń tètè pa á bí aago bá ti wọ pupa, ẹ́ńjìnnì náà ì bá ti kú.

Oṣù kejì ń lọ sópin. Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi nu ọwọ́, ó sì kéde pé òun ti rí i. Ọkọ̀ ìlú òtútù ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná, kò lè gbé Òkè-Ògùn. Kí Nọ́ọ̀sì tà á fún ará Jọs. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ọkọ̀ náà ló ṣẹ̀ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì kò bá a jiyàn. Ó wá bá mi ní ilé ìwé lákòókò ìsinmi àwọn ọmọ, ó ní òun ti gba yàrá Ìgànná, òun á kó lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní òun ti sọ fún ìyá òun. Mo bi í pé kí ni Ìyá wí. Ó ní Ìyá fi ẹnu wíwọ́ yẹn sọ fún òun pé kí òun máa lọ, ọmọ àwọn ẹlòmíràn náà ń fẹ́ wáyé.

"Ó wá ní, 'Ṣùgbọ́n kóo tó lọ, yí mi kọjú sẹ́nu ọ̀nà,'" ni Nọ́ọ̀sì wí. "Tíṣà, ìyẹn nìkan ló bẹ̀ mí."

N kò mọ ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo délé, mo gbé oúnjẹ fún ọkọ mi, mo sì dúró tì í. Inú ń bí mi. Mo sọ ohun tí Ìyá wí fún un. Ó mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ náà dun òun, ṣùgbọ́n kí ni ènìyàn lè ṣe sí ọkọ̀ tí ilẹ̀ wa kò bá lára mu.

Mo ní, "Bàbá Ojúọlápé, gbogbo ohun tí ẹ fi kún ọkọ̀ yẹn, kò gbà. Bí mo bá se ọbẹ̀ tí mo fi iyọ̀ kún un tí kò dùn, tí mo fi ata kún un tí kò dùn, mo máa ń bi ara mi ní ohun tí mi ò fi sí i. Kí lẹ yọ kúrò lára ọkọ̀ yẹn?"

Ó wò mí. Ó ní kí n máa lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé, kí n fi irin sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ irin. Ó ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá wọ̀ lára kì í ti ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní òwúrọ̀, mo ń gbé omi ẹ̀kọ kaná nígbà tí mo rí i tó ń bọ̀ láti ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó di ọwọ́ ọ̀tún. Ó bi mí bóyá omi náà ti gbóná, kò sì dúró gbọ́ èsì kó tó ju nǹkan kan sínú ìkòkò mi. Mo bojú wo inú rẹ̀. Tamosítáàtì ni, èyí tó wọ bàtà.

Mo ní omi ẹ̀kọ mi nìyẹn. Kò gbọ́. Ó lóṣòó tì í, ó ń wò ó. Bí omi ṣe ń móoru, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà tó fẹ́ máa hó, irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í lajú lókè, díẹ̀díẹ̀. Bí orí rẹ̀ ṣe ń là, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń nà sísàlẹ̀, tí awo pẹlẹbẹ náà ń lọ bí ẹni tó fẹ́ tẹ nǹkan. Ó fi ṣíbí gbé e jáde. Ó tutù, orí pa dé, ẹsẹ̀ súnkì. Ó tún jù ú padà. Ó tún là, ẹsẹ̀ tún nà.

"Ó ń ṣí ọ̀nà kan," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ó ń dí ìkejì."

Nígbà náà ló wá ṣàlàyé fún mi. Nínú ẹ́ńjìnnì, ọ̀nà méjì ni omi ní. Ọ̀kan ń lọ sínú rédíétọ̀. Ìkejì jẹ́ ọ̀nà ẹ̀bùrú tó ń dá omi padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀ rárá. Nínú àwọn lọ́rí tí òun fi kọ́ṣẹ́, ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn tín-ín-rín, omi tó ń gbà á kò tó nǹkan. Nínú ọkọ̀ yìí, ó fẹ̀, awo tó wà ní ẹsẹ̀ yẹn ni wọ́n sì ṣe láti máa dí i bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Òun yọ ọ́ kúrò, omi sì ń gba ẹ̀bùrú, ó ń yí po nínú iná. Rédíétọ̀ ńlá tí òun dè mọ́ ọn, asán ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ó jókòó sórí àpótí ìdáná mi. Mo rí ojú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí ẹ̀rù níbẹ̀ rí, àfi lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, kò sí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù. Ó lè sáré lọ fi irin náà síbẹ̀, kó sì sọ fún Nọ́ọ̀sì pé òun ti rí oògùn rẹ̀. Wọ́n á tilẹ̀ yìn ín. Mo rò pé ohun tó máa ṣe nìyẹn, n kò sì ní dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó jókòó síbẹ̀ títí òòrùn fi yọ, ó jẹ ẹ̀kọ tí mo fi omi irin rẹ̀ rò, ó sì wẹ̀.

Ìgbà tí mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá lọ sí ilé ìwé, Adéwùmí àti àwọn olófòófó ti pé. Nọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀, ó wá kó ẹrù rẹ̀ tó kù nínú ọkọ̀. Mo dúró. Ọkọ mi dúró lábẹ́ wáyà, irin náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, kò sóhun tó ń ṣe ọkọ̀ yín," ó ní. "Èmi ni mo bà á jẹ́. Ohun tí mo yọ tí a jọ ń rẹ́rìn-ín, òun ló yẹ kó máa tù ú. Mo ṣàṣìṣe."

Afẹ́fẹ́ ń lu àwọn tó kù lórí wáyà. Mo rò pé Nọ́ọ̀sì á ní kò burú, bí àwa onígbàgbọ́ ti máa ń sọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Mo ti sọ fún ìyá mi pé mò ń lọ," ó ní. "Ẹ ti jẹ́ kí n sọ ọ́." Ó wá ní kí ọkọ mi fi irin náà síbẹ̀, òun fẹ́ lọ sí Ìgànná lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì bá òun lọ. Bí ọkọ̀ bá hó, ọkọ mi ni yóò tì í délé. Ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tú rédíétọ̀ lọ́rí kúrò, ó dá ti ọkọ̀ náà padà, ó fi tamosítáàtì síbi tí wọ́n ṣe é fún. Wọ́n lọ.

Bí mo ṣe jáde ní ilé ìwé, ọ̀dọ̀ Ìyá Àtinúkẹ́ ni mo gbà lọ. Mo fún un lẹ́kọ, mo jókòó tì í. N kò lè sọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ fún un, nítorí bí ọkọ̀ náà bá tún hó, mo ti fi ìrètí pa á lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò tíì di Sátidé, síbẹ̀ ó ti ní kí ọmọ rẹ̀ yí òun kọjú sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní òun fẹ́ kí ó mọ́ òun lára kó tó di dandan. Òjìji igi tó wà níta gùn dé ẹnu ọ̀nà, ó wọlé. Ọwọ́ òsì rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ mi mú. Mò ń gbàdúrà sínú, n kò sì mọ̀ bóyá Nọ́ọ̀sì ni mò ń gbàdúrà fún tàbí ọkọ mi.

Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó fún ọrùn ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni èmi náà gbọ́ ọ, ohùn kíkẹ̀ yẹn, tí kò jọ ti lọ́rí kankan, tó ń gun òkè bọ̀ láìdúró. Ó dákẹ́ níwájú ilé. Ìlẹ̀kùn méjì dún. Nọ́ọ̀sì wọlé, òòrùn ṣì wà lókè. Ó wo ìyá rẹ̀ níbi tó kọjú sí i. Ó lọ fọ ọwọ́, ó padà wá, ó ní kí n bá òun gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, a sì jọ yí i.

Ìyá Àtinúkẹ́ gbé ọdún mẹ́ta sí i kó tó kú. Bí ó ti ń gbọ́ ọkọ̀ náà lórí òkè nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ń fi ọwọ́ òsì tún ìró rẹ̀ ṣe. Lọ́jọ́ tí a wẹ̀ ẹ́ fún ìsìnkú, Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn mí. Kò sí egbò kankan níbẹ̀.

Wáyà yẹn ṣì wà láàárín igi mángòrò méjèèjì. Ọkọ mi kò kó o dànù, n kò sì retí pé á ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè kan ṣófo lára rẹ̀, níbi tó ti yọ ti Sẹ́líkà, kò sì ti àwọn yòókù súnmọ́ra láti dí i. Ó ra ìkòkò kékeré kan sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń se tamosítáàtì oníbàárà lójú wọn kó tó sọ ohun tó máa ṣe sí i, Adéwùmí sì ń bi í bóyá iyọ̀ ti tó. Bí ẹnikẹ́ni bá nawọ́ sí àyè tó ṣófo yẹn, tó béèrè ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, á fi iṣẹ́ sílẹ̀, á nu ọwọ́ méjèèjì, á sì sọ fún un pé ibẹ̀ ni òun ti ṣàṣìṣe. Lẹ́yìn náà á béèrè ohun tó ń ṣe ọkọ̀ tirẹ̀.